Ìka Tí Mo Ká Kò

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, wọ́n kó aṣọ káákì tuntun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barnawa, ní ìlú Kaduna, láti fi rán aṣọ iléèwé fún àwọn ọmọ tí rògbòdìyàn lé kúrò lábúlé wọn. Òórùn káákì náà mú mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà èwe mi.

Odò Kaduna ti kún, ó ti gbé ilé wa lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ san owó iléèwé fún ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kan etí, bó bá gbé e gba orí. Wọ́n ní kí àwọn tó ti dàgbà lọ kọ́ṣẹ́. Ìwé ni èmi fẹ́, ọwọ́ mi sì ti kọjá etí tipẹ́.

Màmá mi sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Ká ìka rẹ kò."

Nígbà tó kàn mí, mo gbé ọwọ́ gba orí, mo sì ká a. Àwọn ọmọ kéékèèké tó wà lórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Kai! Bàbá ni èyí!" Òógùn bò mí.

Ìyá Ẹgbẹ́ fọwọ́ kan ìka tí mo ká kò. Ó ní, "Ọwọ́ ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ kan etí ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yára dàgbà. Ẹ gbà á."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àánú ni obìnrin náà fi ẹ̀rín bò.

Màmá mi kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Mo dúró tì í, mo ga fíofío lórí rẹ̀, n kò sì mọ ibi tí màá fi ara mi sí.