Ọjọ́ tí Mosúnmọ́lá Lọ Wo Erin

Bí ẹ bá fẹ́ mọ Mosúnmọ́lá, ẹ má wulẹ̀ béèrè ohun tó fẹ́ràn. Ẹ béèrè ohun tó ń bẹ̀rù, kí ẹ sì wá àga jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó ń bẹ̀rù ajá, ó ń bẹ̀rù ààrá, ó ń bẹ̀rù afárá. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń gbé Monrovia, òkun ò sì jìnnà sí ilé rẹ̀ ní Old Road, síbẹ̀ kò tíì jẹ́ kí omi rẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ ló fi ẹ̀rù tọ́ ọ dàgbà ní Ìsẹ́yìn. Má gbabẹ̀, má fọwọ́ kàn án, má wo ibẹ̀ yẹn. Ìyá náà ti dolóògbé lọ́dún méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn "má" rẹ̀ kò bá a lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni Mosúnmọ́lá ṣèlérí fún ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó bí Oyin, ọmọ kan ṣoṣo tó ní: pé ọmọ yìí ò ní jogún ẹ̀rù lọ́dọ̀ òun. Nítorí náà, bí ààrá bá sán, á dá orin sílẹ̀. Bí ajá bá gbó, á ní ajá tó dáa mà nìyẹn, òógùn á sì ti rin ín láṣọ. Oyin ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá báyìí, ìyá rẹ̀ sì gbà pé òun ti borí.

Iṣẹ́ tíṣà ló fa ọ̀rọ̀ erin. Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan tí kò jìnnà sílé. Lọ́jọ́ kan, ó ya erin sójú pátákó, ó ní ẹranko jẹ́jẹ́ ni, ó ní ó ṣì wà nínú igbó Liberia níbí, àti pé kò sídìí tí èèyàn á fi máa bẹ̀rù rẹ̀. Ọmọ kan nawọ́, ó béèrè bóyá Tíṣà ti fojú rí i rí. Kí Mosúnmọ́lá tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti sọ pé òun àti Oyin máa lọ wò ó nígbà ọlidé. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọkọ rẹ̀, Ṣèyí, òṣìṣẹ́ báǹkì tó fẹ́ràn ìrìn àjò ju oúnjẹ lọ, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ó wá ilé àlejò kan rí nínú igbó lápá Gbarpolu, níbi tí wọ́n ti máa ń fi jíìpù gbé àlejò lọ wo ẹranko.

Wọ́n gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n kọjá lára àwọn tírélà tó tò sí èbúté Freeport, wọ́n kọjá Tubmanburg. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, igi ń pọ̀ sí i, ọ̀nà sì di erùpẹ̀ pupa. Mosúnmọ́lá ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn ún. Oyin jókòó tì í, kò sọ̀rọ̀. Inú ìyá rẹ̀ dùn, ó ní ọmọ òun ń gbádùn ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ sí. Ṣèyí, tó máa ń rọ àwọn oníbàárà ní báǹkì pé kí wọ́n ka ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, fọwọ́ sí tirẹ̀ láìwò ó. Mosúnmọ́lá ka tirẹ̀ tán. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí ẹranko bá ṣe àlejò léṣe, tàbí tó pa á, kò kan onílé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wò yíká bóyá òun á rí ògiri tàbí wáyà. Ahéré onígi mẹ́rin ló rí, lẹ́yìn ìyẹn igbó. Ó fọwọ́ sí i, ó sì rẹ́rìn-ín sí Oyin.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni jíìpù gbéra. Kò ní òrùlé, kò ní ilẹ̀kùn. Flomo ni orúkọ ẹni tó ń wà á, ọmọ ẹ̀yà Kpelle tí wọ́n bí sí ẹ̀bá igbó náà. Ó kìlọ̀ fún wọn pé kẹ́nikẹ́ni má pariwo, kẹ́nikẹ́ni má sì sọ̀ kalẹ̀ àfi tí òun bá ní kó sọ̀. Wọ́n rí ọ̀bọ, wọ́n rí ẹyẹ àtíòro méjì. Lẹ́yìn náà Flomo dúró, ó na ìka sí ìgbẹ́ erin láàárín ọ̀nà. Kò tíì gbẹ rárá. Ó ní ẹni tó yà á kò lè tíì rìn jìnnà, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá.

Ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n Mosúnmọ́lá. Ó mú un mọ́ra títí, kò ṣeé mú mọ́ra mọ́, ó bá fi ìtìjú sọ fún ọkọ rẹ̀. Flomo sọ̀ kalẹ̀, ó yẹ ilẹ̀ wò, ó ní kó lọ sẹ́yìn igi àràbà ńlá kan lẹ́bàá ọ̀nà, kó sì ṣe kíá.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún aṣọ rẹ̀ ṣe tán nígbà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

"Mosúnmọ́lá."

Ohùn náà rọ̀, ó lọ sílẹ̀, kò sì rí ẹni tó ni ín. Ní Ìsẹ́yìn, kò sí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé wọn pé bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ nínú igbó, tí o ò rí ojú ẹni tó pè ọ́, o ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ ti bá ohun tó pè é lọ nìyẹn. Ohun tó tún wá burú níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Liberia. Sísítà Mosún ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, Tíṣà ni níléèwé, Ṣèyí kò sì pè é ní nǹkan míì ju Mọ́mì Oyin lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bímọ. Ìyá rẹ̀ nìkan ló máa ń pe orúkọ náà tán, ìyá rẹ̀ sì wà ní sàréè.

Wọ́n tún pè é. Kò jẹ́ ẹ. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó wólẹ̀ sáàárín gbòǹgbò igi, ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn."

Ohùn Oyin nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ẹ̀rù sọ fún obìnrin tó ka ìwé dé yunifásítì: ó ní ohun tó bá mọ orúkọ ìyá, ṣé kò ní mọ ohùn ọmọ ni? Mosúnmọ́lá di ojú rẹ̀ pa, kò dáhùn.

Kò mọ̀ pé Flomo ti gbọ́ tí ẹ̀ka igi ń ṣẹ́ lápá òsì, òun ló sì ní kí Ṣèyí rọra pè é padà, kó má pariwo. Jìnnìjìnnì ti bo Ṣèyí débi pé orúkọ tó fi fẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló wá sí i lẹ́nu. Nígbà tí ìdáhùn ò wá, Oyin fò sílẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó lè dì í mú, ó sì sáré lọ sídìí igi náà.

Mosúnmọ́lá lajú, ó rí ọmọ rẹ̀ níwájú òun. Lẹ́yìn ọmọ náà, ó rí erin.

Kò jọ èyí tó yà sójú pátákó. Ó ti jáde sáàárín àwọn àti jíìpù, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dún rárá. Àìdún yẹn ló dẹ́rù ba Mosúnmọ́lá jù. Ó fa Oyin wọ àárín gbòǹgbò, ó fi ara bò ó. Erin náà dúró, ó gbé ọwọ́jà rẹ̀ sókè, ó ń gbóòórùn wọn. Mosúnmọ́lá fẹ́ gbàdúrà, kò rí ju "Jésù" lọ sọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí ọmọ yìí bá kú, erin kọ́ ló pa á, òun ni.

Erin náà sọ ọwọ́jà rẹ̀ kalẹ̀, ó sọdá, igbó sì gbà á.

Flomo wá bá wọn nídìí igi.

"Ol' ma, we call you, we call you. You na hear?"

Mosúnmọ́lá ní òun ò gbọ́. Oyin wò ó, ó sì gbé ojú kúrò.

Wọn ò wo ẹranko kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n padà délé àlejò, Ṣèyí lọ dùbúlẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun. Oòrùn ò tíì wọ̀. Mosúnmọ́lá jókòó síwájú ahéré wọn, Oyin sì wá jókòó tì í.

"Mọ́mì, ẹ gbọ́ mi, àbí?"

Irọ́ ti dé ẹnu ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

"Mo gbọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò dáhùn?"

"Ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé kì í ṣe ìwọ."

Ó ń retí ẹkún tàbí ìbínú. Ọmọ náà mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀rù ti ń bà mí látàárọ̀," ó ní. "Nílé pàápàá, ó máa ń bà mí. Àmọ́ tí mo bá ti wo ojú yín, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé it was only me."

Mosúnmọ́lá di ọwọ́ Oyin mú, ọwọ́ náà ń gbọ̀n. Àtàárọ̀ ló ti ń di ọwọ́ yẹn mú, nínú mọ́tò àti nínú jíìpù, tó sì ń rò pé ọwọ́ òun ló ń gbọ̀n.