Pùrèmíyè Tí Bàbá Mi Pa Àkùkọ Fún

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Manigri, tí a máa ń sun kóró kajú títí oje rẹ̀ á fi jó wa létè, ẹnì kan wà nílé wa tí kò sí ohun tí kò mọ̀. Lásísì ni, àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ní Kútọnu, kò kọ́ ọ tán, ó wá padà wálé láti máa fi imú sọ Faransé fún ewúrẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú wọn.

Lọ́dún tí mo fẹ́ jáde lekóòlù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bàbá mi ti là á mọ́lẹ̀ pé bí mi ò bá ṣe dáadáa, ìdí kajú ni mò ń lọ, kò sí kọlẹ́ẹ̀jì Bassila fún mi. Mo sì fẹ́ kọlẹ́ẹ̀jì náà débi pé mò ń lálàá rẹ̀.

Mètírì, olùkọ́ wa, fún wa ní 9 973, ó ní ká wá ohun tó lè pín in dọ́gba. Mo jókòó lábẹ́ igi kajú, mò ń fi igi kọ ọ́ sórí iyanrìn. Méjì kò pín in. Mo fi méje pín in, ó ṣẹ́ku márùn-ún. Mo fi mẹ́tàlá, ó ṣẹ́ku méjì. Ìyá mi ń pè mí sídìí odó iyán, mo ṣì ń pín. Mètírì ní bí a bá pín in dé 97 tí kò gbà, kò ní gbà mọ́ láé. Kò sì gbà. Olórí kunkun nọ́ńbà! Ọ̀kan àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló gbà fún. Irú rẹ̀ ni mètírì ń pè ní nombre premier.

Bàbá mi bi mí pé kí ni mò ń fà sílẹ̀. Mo ní, "Nombre premier ni, Bàbá." Kò gbọ́ Faransé, ló bá pe ọ̀mọ̀ràn wa. Lásísì wú àyà: "Pùrèmíyè! Ìyẹn ni pé ó gba ipò kìíní!" Mo lanu, ó ní, "Pa ẹnu dé! Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ní Faransé ni?" Kí n tó mọ̀, wọ́n ti pa àkùkọ, aládùúgbò ti ń gbàdúrà sí mi lórí, Lásísì sì ti gbé itan.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ru iṣu lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ mètírì. Ẹni yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní nọ́ńbà ló ń jẹ́ pùrèmíyè, ọmọ kọ́.

Bàbá mi dé, ojú rẹ̀ le. Lásísì ní, "Ẹ̀gbọ́n, oríṣi pùrèmíyè méjì ló wà o..." Bàbá mi kò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó ní kí n ṣàlàyé nọ́ńbà náà, mo ṣe é tẹkúntẹkún. Ó ní, "Èyí tó mọ ohun tó ń sọ ló ń lọ Bassila. Lásísì, gbé àdá, ìwọ lò ń lọ ìdí kajú."

Èmi ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò ní Bassila báyìí. Láìpẹ́ yìí, ọmọ kan kọ ọ́ pé nombre premier ràgàjì tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà rí ló gba ipò kìíní láyé, pé kò sí èyí tó tóbi jù ú lọ mọ́. Ipò kìíní kẹ̀! Ṣé wọ́n máa ń tán ni? Èyí tó ju ìyẹn lọ wà níwájú, òmíràn sì tún ju ìyẹn náà lọ. Mo fún un ní òdo. Bàbá rẹ̀, ọ̀gá tó kàwé, pè mí lórí fóònù: "Madáàmù, pọ́tábù ọwọ́ mi ló sọ bẹ́ẹ̀!" Bàbá tèmi tí kò gbọ́ Faransé kan jókòó, ó ní kí ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé fún òun. Ti ìsinsìnyí, kí n tó lanu, ó ti gé pọ́tábù mọ́ mi létí.