"Ṣe Tèmi Bíi ti Alájì"

Títí di òní, bí òórùn òjé yíyọ́ àwọn tó ń tún fóònù ṣe bá ta sí mi nímú, gbọ̀ngàn ìtajà wa ní àdúgbò Djidjolé ni ọkàn mi ń lọ, inú á sì bí mi. Ìsọ̀ mẹ́rìnlá ló há síbẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú wífì tirẹ̀. Ọ̀gá mi obìnrin ń fi fíìmù àti orin sí fóònù àwọn oníbàárà, èmi sì ni ọmọṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, bí èrò bá ti pé, wífì wa á kú. "Ìwọ lo ba ẹ̀rọ yìí jẹ́," ọ̀gá mi wí. "Bí kò bá dáa lọ́sẹ̀ yìí, padà sọ́dọ̀ ìyá ẹ ní Cacaveli."

Ojú máa ń tì mí láti kí oníbàárà pàápàá, ká má tíì sọ pé kí n gbèjà ara mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdí rẹ̀. Áàpù kan wà lórí fóònù mi tó ń ya wífì kọ̀ọ̀kan bí òkè kékeré. CM1, ìyẹn kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i kedere: òkè mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá gun ara wọn lórí ìkànnì kẹfà. Ìkànnì ni ọ̀nà tí wífì ń gbà. Bí gbogbo wọn bá há sí ọ̀nà kan, wọ́n á máa dúró de ara wọn ni. Alájì tó ń ta fóònù ló kọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn náà, ọjà rẹ̀ sì ń tà wàràwàrà. Gbogbo ẹni tó bá ra ẹ̀rọ tuntun ló ń sọ fún oníṣẹ́ wífì tó ń bá wa tò ó pé, "Ṣe tèmi bíi ti Alájì." Ó sì ń fi tiwọn náà sórí ìkẹfà bíi tirẹ̀.

Mo ya gbọ̀ngàn náà sórí páálí: ìsọ̀ kan ní ìkànnì kìíní, èyí tó tẹ̀ lé e ní ìkẹfà, òmíràn ní ìkọkànlá, kí àwọn ìsọ̀ tó fara kanra má pàdé lójú ọ̀nà kan náà. Mo fi han oníṣẹ́ náà.

"Màdáàmù Ẹnjiníà!" Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ gbálẹ̀ ná." Ṣùgbọ́n ó ki páálí mi bọ àpò.

Lọ́jọ́ kejì, wífì gbogbo ìsọ̀ ń sáré. "Ọpọlọ ẹ pé o!" Alájì ń yin oníṣẹ́ wífì náà.

"Mo ronú gan-an ni, Alájì," ó dáhùn, pẹ̀lú páálí mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá mi yíjú sí mi: "Orí ló yọ ẹ́. Dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá," ni mo wí fún oníṣẹ́ náà.

Ọ̀rẹ́ mi, bó ṣe jí iṣẹ́ mi kò dùn mí tó "ẹ ṣé" yẹn. Iṣẹ́ mi kò bọ́, àmọ́ ẹnu ara mi ni mo fi gbé iṣẹ́ ọwọ́ mi fún un. Ní báyìí táwọn ará àdúgbò Nukafu ń pè mí wá ṣètò wífì wọn, àárín ìsọ̀ ni mo máa ń dúró sí, tí màá ṣàlàyé ohun tí mo yà lójú gbogbo wọn, kí n tó fi páálí lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohùn mi ṣì ń gbọ̀n. Kó máa gbọ̀n.