Omi Tó Ń Bó Ẹnu

"Gbé e mì! Má jẹ́ kí ó tutù mọ́ ọ lọ́wọ́."

Ohùn ìyá bàbá mi nìyẹn, láàárọ̀ kùtùkùtù, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní ìlú Oǹdó. Ife tánganran wà lọ́wọ́ mi, etí aṣọ mi ni mo fi dì í mú, ooru rẹ̀ ń rú sí mi lójú. Omi lásán ni o. Kò sí ewé nínú rẹ̀, kò sí ṣúgà. Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná ni, tí ọmọrí kẹ́tùrù ṣì ń gbọ̀n kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, tí èéfín igi kòkó gbígbẹ kún gbogbo àgbàlá. Mo gbé e mì. Ó jó mi dé àyà, mo sì la ẹnu sílẹ̀ hàà, bí ajá tó sáré nínú oòrùn.

"Hàà tí o ṣe yẹn," ó wí, "àìsàn ló ń jáde."

Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Nínú ilé rẹ̀, ẹnu ọmọ kankan kò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ láàárọ̀ kí ó tó kan omi gbígbóná. Ó sì ní ìdí tirẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, á gbé ìkòkò ọbẹ̀ àná wá síwájú wa, á da omi tútù sí i. Epo á dì gbagidi, á lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò. Á wá da omi híhó sí i, epo á sì yọ́, á ṣàn lọ.

"Ìfun yín nìyẹn," á wí. "Ta ló fẹ́ kí epo dì sí òun níkùn?"

Ta ni yóò bá a jiyàn? Ó ṣojú wa.

N kò ní purọ́ mọ́ omi gbígbóná, ó ń ṣiṣẹ́. Àgbàlagbà tí ìgbẹ́ le mọ́ nínú á wá bá Yèyé, á padà wá dúpẹ́. Ọmọbìnrin tí inú ń rọ́ lásìkò nǹkan oṣù rẹ̀ á jókòó tì í, á máa mu ún díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í là. Èmi fúnra mi, ikọ́ kì í jẹ́ kí n sùn nígbà ọyẹ́, omi yẹn ló máa ń tú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà. Ọdún kan wà tí kànga àdúgbò bàjẹ́, tí ìgbẹ́ gbuuru ń da ilé láàmú, tí ilé tó kángun sí wa sin ọmọ. Kò wọ ilé tiwa, nítorí omi tó ti hó nìkan là ń mu. Láti ìgbà náà ni àwọn ìyá ti ń fi ọmọ wọn ránṣẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa láàárọ̀, ife lọ́wọ́ wọn.

Káfíńtà kan tó ń gbé lẹ́yìn ògiri wa nìkan ni kò gbà.

"Yèyé, ṣé ẹ fẹ́ sè mí jẹ ni?"

"Ta ni yóò jẹ ọ́? Pákó tí ò ń gbẹ́ rọ̀ ju ẹran ara rẹ lọ."

Á rẹ́rìn-ín, á bu omi tó ti tutù nínú àmù wa, á mu ún gbì-gbì-gbì kí Yèyé lè gbọ́. Yèyé á pòṣé: "Ìfun rẹ á dì!"

Orí iyán ni àìsàn Yèyé ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi, ọmọ Àkúrẹ́, ló máa ń gún un.

"Ìyàwó mi, iyán yìí kò kúnná," Yèyé wí.

Ìyá mi tún un gún. Mo gbọ́ bí ọmọ odó ṣe ń dún nírọ̀lẹ́ yẹn, tó dún, tó dún. Nígbà tí ó gbé e padà wá, iyán náà rọ̀ bí òwú. Yèyé bù ú, òkèlè náà kéré bí ẹyọ ẹ̀wà. Ó gbé e mì, ó dúró, ó fi ọwọ́ lé àyà, ó dijú. Ìyá mi wò mí.

Nígbà tó yá, ẹ̀kọ pàápàá kò sọ̀kalẹ̀ mọ́.

"Epo ló dì sí mi lọ́fun," Yèyé wí. "Omi tí mò ń mu ni kò gbóná tó."

Ohun tó ṣe nìyẹn o. Tẹ́lẹ̀, á sọ kẹ́tùrù kalẹ̀ ná kí ó tó bu tirẹ̀. Ní báyìí, bó ṣe ń hó ló ń gbé e sẹ́nu. Bí ọ̀fun ṣe ń dí sí i ló ń koná mọ́ omi sí i. Mo rí awọ tó ń bó nínú ètè rẹ̀. Ó ti rù, aṣọ ìró rẹ̀ ń yí i ká bí ẹni pé òpó ni wọ́n ró o fún.

Káfíńtà wá lọ́jọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eérú.

"Yèyé, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn ní Àkúrẹ́."

"Ìwọ olómi tútù, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Ṣùgbọ́n ohùn náà ti kéré jù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi gbé e lọ. Èmi náà tẹ̀ lé wọn, èmi ni mo gbé abọ́ tí ó ń tutọ́ sí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò, dókítà ní kókó jẹjẹrẹ kan ló hù sí i lọ́nà ọ̀fun, ó sì ti pẹ́ jù. Ó bi bàbá mi nípa oúnjẹ àti mímu rẹ̀. Yèyé fúnra rẹ̀ ló dáhùn.

"Báwo ni omi náà ṣe máa ń gbóná tó, Màmá?"

"Ó máa ń hó ni."

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. "Omi gbígbóná dára, Màmá. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í ṣe ọ̀fun ní nǹkan. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bó ẹnu, tó ń bó ọ̀fun láti ọdún dé ọdún, ó lè dá irú èyí sílẹ̀. N kò lè búra pé òun ló fa tiyín o. Nǹkan mìíràn náà máa ń fà á."

Mo rò pé Yèyé yóò jà. Ó wo ilẹ̀ títí.

"Àwọn ọmọ tí mo ń fún ńkọ́?"

Ìyẹn nìkan ló bèèrè. Kò bèèrè bóyá òun yóò yè.

"Wọ́n ṣì kéré," dókítà wí. "Kí wọ́n má ṣe mu ún bẹ́ẹ̀ mọ́."

Nínú ọkọ̀ tí à ń bá bọ̀ wá sí Oǹdó, kò wo ojú ọ̀nà. Ọrùn mi ló ń wò.

Nígbà tí a délé, ó ní kí ìyá mi gún iyán, òun tí kò lè jẹ ẹ́. Ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Á fi òkèlè sí wa lẹ́nu, á fi ìka kàn wá lọ́fun, á máa tọ òkèlè náà bó ṣe ń lọ.

"Ṣé kò há ọ?"

"Rárá, Yèyé."

"Má purọ́ fún mi."

Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín, ìka náà ń rìn ín. Yèyé ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ àdúgbò pẹ̀lú. Àwọn kan wá. Ìyá kan ti gbọ́ ohun tí dókítà wí, ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀, Yèyé. Ó tó."

"O jàre, ọmọ mi," Yèyé wí. "O jàre."

Káfíńtà ló wọlé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó na ọrùn sí i.

"Èmi náà ńkọ́?"

"Ìwọ tí o kò mu ún rí?"

"Ẹ ṣáà bá mi wò ó."

Yèyé fi ìka kàn án lọ́fun, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. N kò rí ẹ̀rín rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, a ti sin ín.

Mo ti dàgbà báyìí, Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, ìtòsí Ọjà Ọba. Mo ṣì ń mu omi gbígbóná láàárọ̀, ó ń dẹ ìfun mi. Mo máa ń jẹ́ kí ó sinmi títí ìka mi yóò fi lè gbé inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi bóyá omi ló pa á, n kò sì bèèrè mọ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ọmọ mi bá ń jẹun, n kì í lè wo ibòmíràn.

"Màmá," ọ̀kan nínú wọn bi mí lọ́jọ́ kan, "kí lẹ̀ ń wò lára mi?"

Mo ní kí ó máa jẹun. Mo sì ń wo ọ̀fun rẹ̀ títí òkèlè náà fi sọ̀kalẹ̀.