Omi Tí Wọ́n Dà Nù ní Gàmbàrí

Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń jiyàn nídìí tẹlifísàn lánàá: ṣé àjẹ́ ni obìnrin inú fíìmù yẹn, àbí oníwòsàn? Mo ti gbọ́ irú iyàn bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ ibi tó já sí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ìjọba òyìnbó ṣì wà ní Ìlọrin, òyìnbó kan na aṣọ funfun sára ògiri ní Gàmbàrí. Bí a ti kírun Màgàríbì tán ni àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lára aṣọ náà. Ìyá arúgbó kan kọ nǹkan sára pátákó, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó fún ọmọ aláìsàn kan ní omi náà mu. Ọmọ náà ò mira mọ́. Ẹyẹ funfun kan fò jáde lójú fèrèsé, ó parí. Àwòrán náà kò sì sọ̀rọ̀. Bàbá oníṣẹ́ awọ àdúgbò wa sá lọ débi pé ó gbàgbé bàtà rẹ̀.

Àwọn kan ní, "Wàláhì, ó pa á ni!"

Àwọn mìíràn ní, "Irọ́ ni, àìsàn ọmọ náà ló fò lọ yẹn!"

Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi fa iyàn náà.

Sàláwátù ọ̀rẹ́ mi ní ìyá bàbá kan tó kéwú gan-an. Bí ibà bá mú ọmọ kan nínú agbo ilé wa, ìyá yìí ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sára pátákó wàláà, tí yóò fọ̀ ọ́, tí ọmọ náà yóò mu omi rẹ̀ tí à ń pè ní hàntú. Ó máa ń fi oyin sí i. Mo tilẹ̀ díbọ́n àìsàn rí nítorí oyin náà.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ibà dá Sàláwátù dùbúlẹ̀. Ìyá àgbà gbé hàntú dé. Èmi tẹ́nu mi kì í dákẹ́ ni mo ní, "Irú omi inú àwòrán yẹn rèé!"

Ìyá Sàláwátù gba igbá lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó da omi náà sílẹ̀. Hàntú, tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ kó kán sílẹ̀!

"Ẹ dákun, Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ má wọlé tọ ọmọ mi mọ́."

Ní ọjọ́ kẹta, Sàláwátù kú. Bóyá omi náà ì bá wò ó, bóyá kò ní wò ó, Ọlọ́run ló mọ̀. Nígbà tí ibà wá mú èmi náà, ìyá mi lọ kúnlẹ̀ bẹ Ìyá àgbà. Ìyá àgbà ní, "N ò fọ wàláà mọ́, ọmọ mi." Kò sì fọ̀ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Lónìí, ilé ìwòsàn ò jìnnà sí wa, oògùn oníhóró sì wà. Ìbẹ̀rù abiyamọ ni kò yí padà. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà ṣì ń dùn mí. Bí ara ọmọ kan ò bá yá nílé wa, ìta ni mo máa ń lọ jókòó sí, kí n má baà la ẹnu mi.