Ọ̀rọ̀ Tí Màmá Ń Bá Fìlà Sọ

Nígbà tí mo ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé ní Agbowó, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí ohun tí mo fẹ́ràn tó eré orí ìtàgé. Olùkọ́ wa kan kọ eré nípa ìyá opó kan nínú ilé Mùsùlùmí ní Ìbàdàn, ó sì ní èmi ni kí n ṣe ìyá náà. Aláàdúrà ni wá nílé wa; n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe opó lọ́dọ̀ àwọn Mùsùlùmí. Mo bá mú ìwé kékeré kan àti pẹ́ńsùlù, mo tọ màmá kan tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa lọ. Ọkọ wọn, tó ń ta pákó ní Bódìjà, ti kú, wọ́n sì ti ṣe opó rẹ̀ tán.

Mo sọ fún wọn pé mo ti yá aṣọ dúdú. Ẹ̀rín pa wọ́n.

"Ta ló sọ fún ọ pé dúdú ni? Ẹ̀yin ọmọ aláṣọ funfun yìí, ẹ ò tiẹ̀ mọ nǹkan kan!"

Wọ́n ní kò sí tìróò, kò sí làálì, kò sí lọ́fínńdà, fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, oṣù ojú ọ̀run sì ni wọ́n fi ń kà á. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ mi wọn àyè tó wà láàárín ẹní wọn àti fèrèsé. Mo bèèrè ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú tẹ̀sùbáà. Nígbà tó yá, bí wọ́n bá ti rí mi, wọn á ní, "Orogún mi, wọlé! O ò tíì mọ opó ṣe síbẹ̀?" Wọn á sì fún mi ní mọ́ínmọ́ín.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo tètè dé. Mo gbọ́ ohùn wọn, mo rò pé wọ́n ní àlejò. Mo yọjú lójú fèrèsé: àwọn nìkan ni, wọ́n dojú kọ fìlà ọkọ wọn tó wà lára ìṣó. Fìlà òfì ni. Lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà ní ìṣẹ́po rẹ̀, wọn kò fọ̀ ọ́ rí.

"Baálé mi, mo fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ jù lánàá, ẹ ò sọ nǹkan kan. Ta ni ẹ wá fẹ́ kí n máa bá jà nínú ilé yìí?"

Ó yẹ kí n padà sẹ́yìn. Pẹ́ńsùlù ni mo yọ. N kò sọ fún wọn pé mo gbọ́. Olùkọ́ wa ni mo sọ ọ́ fún, ó sì fi í sínú eré.

Lọ́jọ́ eré, èmi fúnra mi ni mo fi màmá jókòó síwájú. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí pé, "Orogún mi ló fẹ́ ṣeré yẹn o." Nígbà tí eré dé ibi fìlà, tí mo sọ̀rọ̀ iyọ̀, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Inú mi dùn débi pé mo tún un sọ. Ìgbà tí mo wo iwájú, màmá ti fa ìbòrí bojú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ọ́ di eré. Bí màmá bá ń kọjá, wọn á pariwo: "Ta ni ẹ fẹ́ kí n máa bá jà?"

Mo lọ kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Dìde. Bó ṣe rí gan-an lo ṣe é. O ò parọ́."

Wọ́n bu mọ́ínmọ́ín fún mi, ṣùgbọ́n ìṣó nìkan ló kù lára ògiri. Mo bèèrè fìlà. Wọ́n ní, "Mo ti fọ̀ ọ́. Ó wà nínú àpótí."

Wọn kò pè mí ní orogún mọ́. Títí a fi kó kúrò ní Agbowó, àìmọye òwúrọ̀ ni mo gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn kọjá, n kò gbọ́ ohùn wọn mọ́.

Ayé ti yí padà. Lónìí, wọn ò tíì gbé òkú kúrò nílé tí ẹnìkan á ti na fóònù sí ojú ẹni tó ń sunkún, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo ayé ti wò ó. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń bú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní wọn kò ní ojú àánú. Èmi kì í lè bá wọn dá sí i.