Tìmùtìmù Inú Mọ́tò Oníjòkòó Méjì

Lánàá, bí mo ṣe ń ṣa iṣu ní Rye Lane, mọ́tò pupa kékeré kan tí kò lórùlé ń kùn bọ̀, irú ti àtijọ́. Òórùn epo pẹtiróòlù rẹ̀ ló kọ́kọ́ bá mi. Mo gbé iṣu sílẹ̀, mo wo ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ìwà mi nìyẹn, n kò ní purọ́ fún yín: mo máa ń fura.

Inú ilé ìfura ni mo ti dàgbà ní Peckham yìí, nílùú Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ìdílé mẹ́ta là ń pín kíṣìnì kan. Bí ẹran bá dín nínú ìkòkò, kálukú á máa wo ẹnu ẹnìkejì. Àwa la wà lókè. Nísàlẹ̀ ni Uncle Láńre tó jẹ́ mẹkáníìkì, ìyàwó rẹ̀ Aunty Ṣadé, àti Bísí ọmọ wọn, ọ̀rẹ́ mi, tó kéré débi pé àwọn tíṣà máa ń rò pé àbúrò mi ni.

Ọjọ́ tí Uncle gbé irú mọ́tò yẹn dé, ilé dàrú. Bí àwọn èèyàn wa bá ra mọ́tò nígbà yẹn, èyí tó gba tẹbí-tará, tó sì ṣeé fi ránṣẹ́ sílé ní Nàìjíríà, ni. Tirẹ̀, ìjókòó méjì péré. Màmá mi pòṣé: “Ọkùnrin tó ní ìyàwó, tó lọ́mọ! Ta ló fẹ́ gbé?”

Uncle ò gbọ́. Ìtàn mọ́tò ló ń sọ fún àwa ọmọdé, bí ẹni ń ki ìdílé rẹ̀. Ó ní àwọn àkọ́kọ́ irú rẹ̀, kí ogun àgbáyé kejì tó dé, igi ni egungun wọn, ẹsẹ̀ wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn ogun, àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà kó wọn lọ sílé, ni òkìkí bá kàn. Wọ́n wá di roboto, wọ́n ní gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n fi rọ́bà dúdú rọ́pò irin dídán iwájú wọn. Ibẹ̀ ni Uncle máa ń mi orí. Onírin ni tirẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan, èmi àti Bísí yọjú wo inú mọ́tò. Tìmùtìmù tuntun kan tó nípọn wà lórí ìjókòó kejì. Èmi ọlọgbọ́n! Aunty Ṣadé ga, kí ni yóò fi tìmùtìmù ṣe? Mo ní obìnrin kúkúrú kan ló ni ín. Bísí bú sẹ́kún pé bàbá òun fẹ́ fi àwọn sílẹ̀. Mo gbéra, mo lọ sọ fún ìyá rẹ̀ ní kíṣìnì. Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ. Ó ti bọ́.

Aunty bi Uncle pé ta ló ni tìmùtìmù. Uncle ní:

“Bí o bá lè ro ìyẹn sí mi, Ṣadé, kò sóhun tí mo fẹ́ sọ.”

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Aunty fi mú Bísí lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Deptford. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà padà sí Nàìjíríà. N kò fojú kan ọ̀rẹ́ mi mọ́.

Uncle ti darúgbó kó tó la ọ̀rọ̀ tìmùtìmù náà yé mi. Ọjọ́ ìbí Bísí ló kù dẹ̀dẹ̀ nígbà náà. Ó fẹ́ gbé e lọ wo òkun, òun àti ọmọ òun nìkan, ọmọ náà ò sì ga tó láti rí ọ̀nà. Kò béèrè ẹni tó lọ sọ fún Aunty. Ojú tì mí, n kò jẹ́wọ́.

Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò wọ̀nyẹn ti kógbá wọlé tipẹ́. Kálukú ti ní kíṣìnì tirẹ̀, ó sì ń tilẹ̀kùn mọ́ra. Ìfura tèmi ni kò gbó. Ẹni tí mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ lánàá, ọmọdébìnrin kan ni, orí rẹ̀ ga ju gíláàsì iwájú lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n wo nǹkan tó fi ṣe ìjókòó, ṣùgbọ́n mọ́tò ti lọ.